Láti Ìtanràn dé Ọgbà Ẹ̀wọ̀n: Ìjìyà Wo Ni Ó Ń Tún Ìlú Ṣe?

Ẹ̀wọ̀n nínú èdè wa kì í ṣe ilé. Irin ni, irin tí a so kọ́ra tí a fi ń de ènìyàn. Ní ayé àwọn baba wa, ní Kétu àti ní Sábẹ, wọ́n lè de ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn títí ẹjọ́ rẹ̀ yóò fi parí, ṣùgbọ́n kíka ọdún nínú ilé tí a tì kì í ṣe ìdájọ́ tí wọ́n mọ̀. Olè a dá ohun tí ó jí padà, a sì san ìtanràn; ẹni tí kò ní owó lè di ìwọ̀fà títí yóò fi rí i san. A kò sọ pé ayé ìgbàanì rọrùn: wọ́n ń lé ọ̀daràn kúrò ní ìlú, wọ́n ń tà á lẹ́rú, wọ́n sì ń pa apànìyàn. Síbẹ̀, wọn kì í gbàgbé ẹni tí a ṣẹ̀.

Nígbà tí àwọn Faransé dé, ọ̀nà yí padà. Àṣẹ ọdún 1887, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà kí ó tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa, ni ó gbé ìlànà « indigénat » kalẹ̀. Aláṣẹ ìjọba lè fi ọmọ ilẹ̀ sẹ́wọ̀n ọjọ́ 15, tàbí kí ó gba 100 fránkì lọ́wọ́ rẹ̀, láìsí adájọ́. Àpò ìjọba ni owó náà ń wọ̀. Iṣẹ́ túláàsì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún 1946 ni a fagi lé méjèèjì, ṣùgbọ́n ọgbà ẹ̀wọ̀n dúró. Lónìí ó kún àkúnya, ọmọ tí ó jí adìẹ sì lè máa sùn níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó adigunjalè.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1983, òfin Faransé fàyè gba adájọ́ láti fi iṣẹ́ ìlú, « travail d'intérêt général », rọ́pò ẹ̀wọ̀n. Òfin ìwà ọ̀daràn tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní ọdún 2018 náà gbà á wọlé. Ẹni tí ó mọ ìtàn túláàsì lè bèèrè ohun tí ó yàtọ̀. Ìdáhùn wa ni pé ìyàtọ̀ wà bí adájọ́ bá gbọ́ ẹjọ́, bí ẹni tí ó jẹ̀bi bá gbà láti ṣe iṣẹ́ náà, tí iṣẹ́ náà sì ní òpin. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá sọnù, túláàsì ni ó padà dé.

Ẹ̀kọ́ àwọn baba wa ṣì kù: gbígbá ọjà kò dá adìẹ padà fún ẹni tí ó ni ín. Kí iṣẹ́ ìlú àti sísan ohun tí a bàjẹ́ máa rìn pọ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.