Obìnrin Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Dà Nínú Ìtàn Àròsọ Wa?

Kò sí àní-àní pé ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ní 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde. Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni ó ń lépa ọ̀daràn níbẹ̀. Nínú ìwé Kọ́lá Akínlàdé, Akin Olúṣínà ni òkìkí rẹ̀ kàn. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Lójú tèmi, kò yani lẹ́nu: ọdẹ ni akọni ìwé Fágúnwà ní 1938, ọlọ́pàá sì ni ó jogún ọ̀nà ọdẹ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1930 ni Agatha Christie kọ The Murder at the Vicarage, ìwé ìtàn gígùn àkọ́kọ́ nípa Miss Marple, arúgbó obìnrin tí kò lọ́kọ, ní abúlé St Mary Mead. Wọ́n yìnbọn pa Colonel Protheroe nínú yàrá ìkàwé àlùfáà. Ènìyàn méjì sì jẹ́wọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ wá di rúdurùdu. Miss Marple kò ní ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àṣẹ ìjọba. Láti inú ọgbà òdòdó rẹ̀ ni ó ti ń wo ẹni tí ń kọjá àti àkókò tí ó kọjá. Ìwà ẹni tí ó ti mọ̀ rí ni ó fi ń mọ ìwà ẹlòmíràn.

Ǹjẹ́ irú ọgbọ́n yìí ṣàjèjì sí wa bí? Ní Lọ́kọ́ja níhìn-ín, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ìyá tí ó patẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà a máa gbọ́ èdè Owórò, Nupé, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Haúsá kí oòrùn tó wọ̀. Ó mọ ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Ó mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń náwó yàfùn-yàfùn. Bí ọlọ́pàá bá dé, oníkálukú a pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni í ṣọ́ ẹnu níwájú ìyá ẹlẹ́kọ? Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Bí ọmọbìnrin kíláàsì wa bá ń ka ìwé tí ó fi ẹ̀ṣẹ́ àti ìbọn nìkan wá òtítọ́ rí, yóò rò pé iṣẹ́ ọkùnrin ni òtítọ́ wíwá. Òkédìjí àti Akínlàdé ti la ọ̀nà. Ó kù kí ìyá àgbà gba ibẹ̀ kọjá.