Ibi tí èrò kì í dé ní Venice: Àwọn àdúgbò tí ọmọ onílùú ṣì ń gbé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìlú Venice mu, ní apá àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Ítálì. Ọ̀kẹ́ àìmọye àlejò ló ń dé ibẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń rí kò ju gbàgede San Marco, afárá Rialto àti àwọn ọ̀nà tóóró tó so méjèèjì pọ̀ lọ. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ra ohun ìrántí, wọ́n á sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tí àwọn ọmọ onílùú ń gbé, tí wọ́n ń ná ọjà, tí wọ́n sì ń sá aṣọ, kò ju ìrìn nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ sí ibi tí èrò ti ń ti ara wọn.

Àárín ọ̀sà ni wọ́n tẹ Venice dó sí. Erékùṣù kéékèèké tó lé ní 100 ni wọ́n fi afárá tó lé ní 400 so pọ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í wọ ìlú àtijọ́ náà. Ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń rìn. Ní 1987, àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Àmọ́ òkìkí náà ti di ẹrù sọ́rùn àwọn onílé. Ní 1951, nǹkan bí 175,000 èèyàn ló ń gbé ìlú àtijọ́ náà. Nígbà tó fi máa di ìparí 2022, wọn kò pé 50,000 mọ́. Owó ilé ti wọ́n, ọ̀pọ̀ onílé ti sọ ilé wọn di ibùwọ̀ àlejò, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹran àti búrẹ́dì sì ń di ibi tí wọ́n ti ń ta ohun ìrántí. Lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án.

Àwọn aláṣẹ kò káwọ́ gbera. Ní 2021, ìjọba Ítálì fòfin de àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá tó ń gba iwájú San Marco kọjá. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹrin, 2024, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba Yúrò 5 lọ́wọ́ àlejò tí kò ní sùn mọ́jú, láwọn ọjọ́ kan tí èrò máa ń pọ̀. Lọ́dún náà ni wọ́n tún pàṣẹ pé àwọn tó ń tẹ̀ lé afinimọ̀nà kan kò gbọdọ̀ ju 25 lọ. Ohun tó kù kò sí lọ́wọ́ òfin. Ó kù sọ́wọ́ àlejò fúnra rẹ̀: ibi tó gbà lọ àti bó ṣe ṣe nígbà tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Cannaregio, ní apá àríwá ìlú. Ní 1516, ìjọba Venice ìgbà náà pàṣẹ pé kí àwọn Júù máa gbé lórí erékùṣù kékeré kan, wọ́n sì ń ti ẹnubodè mọ́ wọn lálaalẹ́. Ghetto ni orúkọ àdúgbò náà, òun sì ni aráyé yá lò fún ibikíbi tí wọ́n bá há ẹ̀yà kan mọ́. Nítorí pé ilẹ̀ kò tó, ńṣe ni wọ́n ń kọ́ ilé lé ilé, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ibẹ̀ fi ga ju ti àdúgbò yòókù lọ. Ní 1797, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon gba ìlú náà, wọ́n wó ẹnubodè ọ̀hún. Sínágọ́gù àtijọ́ márùn-ún ṣì wà níbẹ̀. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì Madonna dell'Orto wà, níbi tí wọ́n sin Tintoretto, gbajúgbajà ayàwòrán tó kú ní 1594. Àwọn àwòrán ràgàjì tó yà fún ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò rẹ̀ yìí ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn ìlú ni San Pietro di Castello wà. Ọ̀pọ̀ rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni San Marco ti jẹ́ kàtídírà Venice. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé àdúrà olórí ìlú ni San Marco. San Pietro ni kàtídírà títí di 1807. Lónìí, koríko tútù ló wà níwájú rẹ̀, ilé agogo rẹ̀ tí wọ́n fi òkúta funfun kọ́ sì ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtòsí ibẹ̀ ni Via Garibaldi wà, òpópónà gbòòrò tí wọ́n fi erùpẹ̀ di ojú omi kan láti là láyé Napoleon. Ibẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ti ń ra ẹ̀fọ́ láàárọ̀, aṣọ tí wọ́n fọ̀ sì máa ń wà lórí okùn láti ojú fèrèsé kan dé èkejì.

Ní Dorsoduro, ibi iṣẹ́ àwọn tó ń kan ọkọ̀ gondola wà ní San Trovaso, èèyàn sì lè máa wò wọ́n láti òdìkejì omi. Oríṣi igi mẹ́jọ ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ kan. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ fẹ̀ ju ọ̀tún lọ, kí ó lè máa lọ tààrà, nítorí pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni atukọ̀ ti ń fi àjẹ̀ wà á.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan sí i lè wọ ọkọ̀ ojú omi ní Fondamente Nove. Yóò kọ́kọ́ dé Murano, níbi tí wọ́n kó àwọn tó ń ṣe gíláàsì lọ ní 1291 nítorí ìbẹ̀rù iná. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì Venice wà lára ọjà tí àwọn òyìnbó fi ṣòwò ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ń lọ sí Burano, wọ́n á sì wọ òmíràn dé Torcello. Ní 639 ni wọ́n dá kàtídírà Santa Maria Assunta sílẹ̀ níbẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà ni wọ́n fi to àwòrán Ìdájọ́ Ìkẹyìn tó gba gbogbo ògiri kan nínú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló gbé Torcello nígbà kan rí. Nígbà tó yá, ẹrẹ̀ di ojú omi rẹ̀, ibà bá wọn jà, wọ́n kó lọ, wọ́n sì tú òkúta ilé wọn lọ kọ́lé sí Venice. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Owó rẹpẹtẹ kọ́ ni wọ́n fi ń rí àwọn ibí yìí. Kí àlejò sùn mọ́jú, kí ó jí jáde ní kùtùkùtù, kí ó gba ọ̀tún rìn nínú ọ̀nà tóóró, kí ó má sì jókòó jẹun sórí afárá. Oṣù kọkànlá tutù, ṣùgbọ́n èrò kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígbà náà. Bí ogunlọ́gọ̀ San Marco bá kàn ya bo Castello, ìyọnu náà ṣí láti ibì kan lọ síbòmíràn ni. Nítorí náà, kí èèyàn lọ ní méjì tàbí mẹ́ta. Kí ó ra búrẹ́dì àti ẹja rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé àdúgbò náà. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù wọn ṣì wà ní ṣíṣí, kí àwọn ọmọ wọn sì rí ìdí tí wọn kò fi ní kó lọ bíi ti ará Torcello.