Ọ̀nà Òkè Saint Bernard Ńlá

Ọ̀nà Òkè Saint Bernard Ńlá jẹ́ ọ̀nà tí ó la àwọn Òkè Alps kọjá ní ààlà orílẹ̀-èdè Swítsàlandì àti Itálíà. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,469 sí ojú òkun. Ìlú Martigny ni arìnrìn-àjò ti máa ń gbéra ní ìhà Swítsàlandì, Aosta ni yóò sì sọ̀kalẹ̀ sí ní ìhà Itálíà. Ó yàtọ̀ sí Saint Bernard Kékeré, tí ó wà láàárín Itálíà àti Fránsì, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,188.

Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, yìnyín a máa bo ọ̀nà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kò lè gbà á. Òtútù nìkan kọ́ ni ewu ibẹ̀. Yìnyín tí ó ti gbára jọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè lè ya lulẹ̀ lójijì kí ó sì bo ènìyàn mọ́lẹ̀.

Ìtàn

Àwọn ará Róòmù kọ́ tẹ́ḿpìlì fún òrìṣà wọn, Jupiter Poeninus, sí orí òkè náà. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú àwọn pátákó idẹ kéékèèké jáde níbẹ̀, èyí tí àwọn arìnrìn-àjò fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ kí wọ́n lè lọ ire, kí wọ́n sì bọ̀ ire. Ẹ̀rù wọn kò mọ sí yìnyín nìkan, nítorí àwọn ajínigbé pàápàá ń dènà ní agbègbè náà. Ní ọdún 972, àwọn Sárásénì mú Majolus, olórí ilé àwọn mọ́ǹkì ní Cluny, bí ó ti ń ti Róòmù bọ̀. Wọn kò fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi gba owó ìràpadà.

Ní nǹkan bí ọdún 1050, Bernard, àlùfáà àgbà kan ní Aosta, dá ilé àlejò sílẹ̀ sí orí òkè náà. Orúkọ rẹ̀ ni ọ̀nà náà ń jẹ́ títí di òní. Iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́sìn tí ń gbé ibẹ̀ ni láti fún ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ní oúnjẹ àti ibùsùn, kí wọ́n sì jáde lọ wá ẹni tí ó bá sọnù sínú yìnyín. Àwọn mìíràn kò bá ẹ̀mí dé ilé. Nítorí pé àpáta ni ilẹ̀ ibẹ̀, tí kò ṣeé gbẹ́ sàréè, inú ilé kékeré kan ni wọ́n ń tẹ́ òkú wọn sí. Òtútù kì í jẹ́ kí òkú náà tètè bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹbí lè wá dá ènìyàn wọn mọ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1800, Napoleon kó ọmọ ogun bí ọ̀kẹ́ méjì (40,000) gba ibẹ̀ lọ sí Itálíà. Wọ́n tú àwọn ìbọn àgbá palẹ̀, wọ́n gbé wọn sínú ìtì igi tí wọ́n gbẹ́ nínú, wọ́n sì fi okùn wọ́ wọn gun òkè. Àwòrán olókìkí tí Jacques-Louis David yà fi Napoleon hàn lórí ẹṣin tí ó nà ró, ṣùgbọ́n ìbaaka ni ó gùn ní ti òdodo.

Àwọn ajá

Láti nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n ti ń sin ajá ńláńlá ní ilé àlejò náà. Àwọn ajá wọ̀nyí ń gbóòórùn ènìyàn lábẹ́ yìnyín. Barry ni ó lókìkí jù nínú wọn. Wọ́n ní ó gba ẹ̀mí tí ó lé ní ogójì là. Àtẹnudẹ́nu ni pé ọmọ ogun kan tí ó ṣì í mú fún ìkookò ni ó pa á. Ọjọ́ ogbó ni ó kú ní ìlú Bern ní ọdún 1814, ara rẹ̀ sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀. Ìtàn àròsọ náà ni àgbá ọtí kékeré tí wọ́n máa ń yà sí ọrùn àwọn ajá náà; àwòrán tí Edwin Landseer yà ní ọdún 1820 ni ó tàn án kálẹ̀.

Lóde òní

Ọ̀nà abẹ́ òkè tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 5.8 ṣí ní ọdún 1964, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ń gbà nígbà gbogbo lọ́dún. Ilé iṣẹ́ aláàánú kan ti gba ìtọ́jú àwọn ajá náà ní ọdún 2005. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kó wọn gòkè. Ilé àlejò náà ṣì ń gba àlejò. Nígbà òtútù, ẹni tí ó bá fẹ́ dé ibẹ̀ ní láti so pátákó pẹlẹbẹ mọ́ ẹsẹ̀ rìn lórí yìnyín, yóò sì bá ilẹ̀kùn ní àìtì.