Pátákó Oníná Iwájú Ilé Sinimá Àtijọ́ ní Amẹ́ríkà

Ní ìgboro Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, kí èèyàn tó dé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù ni orí rẹ̀ ti máa ń yá. Pátákó ńlá kan a yọ síta lókè ẹnu ọ̀nà ilé sinimá, gílóòbù a tò yí i ká, orúkọ fíìmù àti ti òṣèré a sì hàn gàdàgbà láàárín. Ìpolówó ọjà ni iṣẹ́ rẹ̀: kí ó dá ẹni tó ń kọjá lọ dúró. Bí ìrìn àwọn èrò ṣe ń yí padà ni pátákó náà ń yí padà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1905, Harry Davis àti John Harris ṣí yàrá sinimá kékeré kan ní òpópónà Smithfield ní ìlú Pittsburgh. Àga 96 ló wà níbẹ̀, sẹ́ńtì 5 sì ni owó ìwọlé. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ òkèèrè dé ni fíìmù bá lára mu, nítorí fíìmù ìgbà náà kò ní ohùn, kò sì dìgbà tí wọ́n bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó tó yé wọn. Láàárín ọdún mélòó kan, irú yàrá bẹ́ẹ̀ ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ẹsẹ̀ ni àwọn oníbàárà fi ń rìn, nítorí náà ìwé àfilẹmọ́gi àti gílóòbù díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti tó láti fà wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sinimá bí ààfin. Strand ṣí ní Broadway, New York, ní 1914. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1921, ilé iṣẹ́ Balaban àti Katz ṣí Chicago Theatre ní òpópónà State, tó ná wọn tó mílíọ̀nù 4 dọ́là. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Cornelius àti George Rapp, ló ya àwòrán ilé náà. Wọ́n to lẹ́tà C-H-I-C-A-G-O láti òkè wá sísàlẹ̀ sára pátákó tó dúró ṣánṣán, kí ẹni tó ṣì wà lókèèrè lè kà á. Pátákó tó nà síta nísàlẹ̀ ní tirẹ̀ ń dáàbò bo àwọn tó tò síwájú ilé lọ́wọ́ òjò.

Iná tó dà bíi pé ó ń sáré yí irú pátákó bẹ́ẹ̀ ká kò kúrò lójú kan. Wọ́n pín àwọn gílóòbù sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́; ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yí ló ń tan ọ̀wọ́ kan, tó ń pa èkejì, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ojú ni iná náà ń tàn jẹ.

Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá gbòde, ẹni tó ń wakọ̀ kò ráyè dúró ka pátákó tó kọjú sí títì. Wọ́n wá ń gé e ní igun méjì tó dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Gíláàsì funfun tí iná wà lẹ́yìn rẹ̀ di ojú pátákó, wọ́n sì ń gbé lẹ́tà dúdú kọ́ sórí irin tó là á kọjá. Ilé iṣẹ́ Wagner ní Chicago gbajúmọ̀ fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Bí fíìmù bá yí, òṣìṣẹ́ a gbé àkàbà, a kó àpótí lẹ́tà dání, a sì máa tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí M bá tán, a dorí W kodò. Bí orúkọ fíìmù bá gùn jù, a gé e kúrú. S. Charles Lee, ayàwòrán-ilé ní Los Angeles, gbà pé ẹ̀gbẹ́ títì gan-an ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tí iná náà ń pè ló lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ní Fox Theatre ní Atlanta, tó ṣí ní ọjọ́ Kérésìmesì 1929, fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì àwọn aláwọ̀ dúdú yàtọ̀, àtẹ̀gùn ìta ni wọ́n sì ń gbà gun òkè pátápátá lọ jókòó.

Ọdún 1946 ni ọjà sinimá dé góńgó. Ní 1948, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ ilé iṣẹ́ fíìmù Paramount, èyí tó mú kí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńláńlá yọwọ́ nínú níní ilé sinimá. Tẹlifíṣọ̀n wọ inú ilé, àwọn ìdílé sì ń kó kúrò láàárín ìgboro lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Èrò tí pátákó ń dá dúró kò kọjá níbẹ̀ mọ́. Wọ́n wó ilé sinimá Roxy ti New York, tí àga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000, ní 1960.

Àwọn ará ìlú ló gba díẹ̀ là. Ní àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan fẹ́ kọ́ ọ́físì sórí ilẹ̀ Fox. Àwọn ará Atlanta dáwó, wọn kò jẹ́ kí wọ́n wó o. Chicago Theatre tì ní 1985, ó tún ṣí ní ọdún tó tẹ̀lé e. Orúkọ olórin àti aláwàdà ló pọ̀ jù lójú pátákó méjèèjì báyìí. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó kúrò nílé; síbẹ̀ wọn kò pa iná náà, torí pátákó tó ń polówó fíìmù nígbà kan ti di ohun tí wọ́n fi ń dá ìlú mọ̀.