Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Ọ̀ràn Bàálù MH370

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ òǹkà kò ní gbà bẹ́ẹ̀, nítorí lójú tirẹ̀, bí a bá ti ka ẹ̀fà tán, èje ni ó kù tí a óò pè. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó ti jókòó nídìí ẹjọ́ púpọ̀ mọ̀ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀fà, tí gbogbo ènìyàn sì ti lanu láti pe èje, níbẹ̀ gan-an ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ ọn ti ń yọjú. Àwọn kan a máa pè é ní òwe ìfura. Lójú tèmi, òwe ìdájọ́ ni, n kò sì mọ ọ̀ràn kan láyé òde òní tí ó bá a mu tó ti bàálù Màléṣíà tí ó gbéra tí kò gúnlẹ̀.

Ní òru ọjọ́ 8, oṣù Kẹta, ọdún 2014, ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 42, bàálù Boeing 777 ti Malaysia Airlines gbéra ní Kuala Lumpur, ó dorí kọ Beijing ní ilẹ̀ Ṣáínà, pẹ̀lú ènìyàn 239 nínú rẹ̀. Nígbà tí ó di aago kan kọjá ìṣẹ́jú 19, ohùn kan láti inú ọkọ̀ náà kí àwọn tí ń darí ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀ pé ó dàárọ̀. Kò pé ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà tí ẹ̀rọ tí ń jẹ́ orúkọ bàálù fún rédà fi dákẹ́, ní ẹnu ààlà gan-an, níbi tí Màléṣíà ti rò pé ọkọ̀ ti di ti Vietnam, tí Vietnam kò sì tíì gbọ́ ohùn rẹ̀. Rédà àwọn ológun ni ó fi hàn lẹ́yìn náà pé ẹyẹ irin yìí, a-fò-má-gbọn-yẹ́, ti yí ẹ̀yìn padà, pé ó la ilẹ̀ Màléṣíà já, ó gba ẹ̀gbẹ́ erékùṣù Penang kọjá, ó sì tọ ọ̀nà omi Malacca lọ, kí òun náà tó pàdánù rẹ̀ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 22.

Ibẹ̀ ni ìbá parí sí, bí kì í bá ṣe ti sátẹ́láìtì kan tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Inmarsat ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà méje ni ẹ̀rọ inú bàálù náà àti ilẹ̀ tún fọhùn síra wọn láti ojú ọ̀run lẹ́yìn tí rédà ti pàdánù rẹ̀; wọn kò sọ ibi tí ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n láti inú bí ìró náà ti pẹ́ tó lọ́nà ni àwọn onímọ̀ ti ṣírò bí ó ti jìnnà sí sátẹ́láìtì tó. Ẹ̀kẹfà wáyé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 11. Ilẹ̀ ni ó pè é, ọkọ̀ dáhùn. Èkeje kò dúró de wákàtí tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e: ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré lẹ́yìn ẹ̀kẹfà, bàálù fúnra rẹ̀ ni ó ké sí ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí iná kú mọ́ lórí tí ó sì tún tàn ti í ṣe, èyí tí ó mú kí wọ́n gbà pé epo ti tán. Gbogbo ìṣirò wọn sì tọ́ka sí gúúsù Òkun Índíà, lápá ìwọ̀-oòrùn Australia, alagbalúgbú omi tí kò sí ilẹ̀ nítòsí rẹ̀.

Kí ni ó wá fà á? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kọ́kọ́ dárúkọ iná, wọn kò sì wí i lásán, nítorí bátìrì lítíọ́mù tí ó wọ̀n tó 221 kìlógíráàmù wà nínú ẹrù rẹ̀, iná a sì máa jó okùn ẹ̀rọ títí ohùn yóò fi dákẹ́, tí awakọ̀ yóò sì wá ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná jó bàálù Swissair ní ọdún 1998, láàárín ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ tí wọ́n rí èéfín ni ó ti wó sínú òkun. Iná wo ni yóò wá gba ọkọ̀ láyè láti fò fún wákàtí bíi méje?

Àwọn mìíràn ní afẹ́fẹ́ ni ó tán nínú ọkọ̀, tí gbogbo wọn sì dákú. Èyí náà ti ṣẹlẹ̀ rí: ní ọdún 2005, bàálù Helios ti ilẹ̀ Cyprus ń fò lórí Gíríìsì pẹ̀lú awakọ̀ tí ó ti dákú, títí epo rẹ̀ fi tán tí ó sì pa gbogbo ènìyàn 121 inú rẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní apá ìkẹyìn ìrìn MH370, nítorí ìgbà méjì ni wọ́n fi tẹlifóònù pè é láti ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti dákú kì í yí ọkọ̀ padà, kó tún yà á sí ọ̀nà Malacca, kó sì tún dorí rẹ̀ kọ gúúsù. Ti àwọn méjì tí wọ́n fi ìwé ìrìnnà tí wọ́n jí wọ ọkọ̀ kò tilẹ̀ gba àkókò: àwọn tí ń wá ibi ìsádi ní Yúróòpù ni.

Ó wá ku ọ̀gá awakọ̀, orí rẹ̀ sì ni ayé di ẹrù náà lé. Wọ́n rí nínú ẹ̀rọ ìdánrawò tí ó wà nílé rẹ̀ àwọn àmì ìrìn kan tí ó lọ sí gúúsù Òkun Índíà, a sì ti rí awakọ̀ Germanwings tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gbá ọkọ̀ mọ́ òkè ní ọdún 2015, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè wí pé irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, òkú kò sì lè wá rojọ́. Àwọn olùwádìí Màléṣíà nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2018 gbà pé ó ṣòro láti ka yíyí padà náà sí àìṣedéédéé ẹ̀rọ, wọ́n ní kò sí àmì pé ìwà awakọ̀ náà yí padà, wọ́n sì ní àwọn kò lè yọ ọwọ́ ẹlòmíràn kúrò. Èmi náà gbà pé ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Ọwọ́ ta ni, kí ni ó sì ń wá, èje tí ayé ti sáré pè nìyẹn. Àwa náà kò ṣàì mọ irú ìsáré bẹ́ẹ̀: ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, nígbà tí bàálù Bellview kúrò ní Èkó tí kò dé Abuja, Kìṣí ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó já sí, wọ́n tilẹ̀ ní àwọn kan yè, ṣùgbọ́n ní Lísà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ó wà, nínú ènìyàn 117, ẹnì kan kò sì yè.

Àjákù ìyẹ́ kan láti ara MH370 gúnlẹ̀ sí erékùṣù Réunion ní oṣù Keje ọdún 2015, àwọn mìíràn sì yọ ní Mozambique, Tanzania àti Madagascar, ṣùgbọ́n wọ́n wá ìsàlẹ̀ òkun tí ó fẹ̀ tó 120,000 kìlómítà níbùú lóròó títí di oṣù Kíní ọdún 2017, wọn kò rí ara ọkọ̀ náà. Ọmọ́ kú sàn ju ọmọ́ nù lọ, ni a máa ń wí. Àwọn ará Ṣáínà tí ó ju 150 lọ ni ó wà nínú ọkọ̀ náà, àwọn ìdílé wọn sì wà lára àwọn tí kò jẹ́ kí ìjọba Màléṣíà sinmi. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ìjọba náà tún bá ilé-iṣẹ́ Ocean Infinity ṣe àdéhùn pé bí wọn kò bá rí i, wọn kò ní gba owó. Bí wọ́n bá sì rí i, 70 mílíọ̀nù dọ́là.

Bí wọ́n bá gbé àpótí dúdú méjèèjì jáde lónìí, èyí tí ń gba ohùn sílẹ̀ kì í pa ju wákàtí méjì ìkẹyìn mọ́, nítorí náà ohun tí àwọn awakọ̀ bá ara wọn sọ nígbà tí ọkọ̀ ń yí padà ti parẹ́ kí ó tó kan omi. Èyí tí ń kọ ìṣe ẹ̀rọ sílẹ̀ ni ó ń pa wákàtí 25 mọ́, òun ni ó sì lè sọ bóyá ọwọ́ ènìyàn ni ó yí i, àti bóyá ọwọ́ náà ṣì wà lórí ọkọ̀ nígbà tí epo tán.