Take off

Take off jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ kékeré kan ń tẹ̀ lé lẹ́yìn, irú èyí tí àwọn onígírámà ń pè ní phrasal verb. Mú tàbí gbà ni take, kúrò sì ni off. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó ìtumọ̀ méjèèjì pọ̀ lásán yóò ṣìnà, nítorí òun náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa aṣọ tí a bọ́, bàálù tó gbéra, ẹni tí wọ́n sín jẹ àti ọjà tó dédé gbayì.

Orírun

Take kì í ṣe ọmọ ilé nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Vikings, ìyẹn àwọn ará Scandinavia tó wá tẹ̀dó sí England láti ọ̀rúndún kẹsàn-án ló gbé e wá; taka ni wọ́n ń pè é. Niman ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò tẹ́lẹ̀, àlejò yìí ló sì gba ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni off àti of láyé àtijọ́.

Ibi tí àríyànjiyàn wà ni bí àṣà fífi ọ̀rọ̀ kékeré sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe bẹ̀rẹ̀. Iwájú ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sábà máa ń so ó mọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní lọ́wọ́ àwọn Vikings ni wọ́n ti kọ́ ọ; àwọn mìíràn ní èdè náà ti ń yí sí ọ̀nà yẹn fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní òótọ́ nínú, kí ó jẹ́ pé àwọn àlejò kàn kín ohun tó ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn ni.

Samuel Johnson dárúkọ take off nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ní 1755, láàárín àwọn àkànpọ̀ tó ní ó máa ń ni àjèjì lára. Ìtumọ̀ tó fún un ni to copy, ìyẹn ni kí ènìyàn ṣe àdàkọ nǹkan. Ní 1925 ni Logan Pearsall Smith lo orúkọ náà phrasal verb nínú ìwé rẹ̀, Words and Idioms.

Ìtumọ̀

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni bíbọ́: aṣọ, bàtà, jígí ojú àti fìlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣíṣí la ń ṣí fìlà ní Yorùbá. Láti ibẹ̀ ló ti kan yíyọ owó kúrò lórí iye ọjà, àti gbígba ààyè lẹ́nu iṣẹ́: take a day off. Ẹni tó bá ṣàdédé kúrò níbì kan, he took off náà ni.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ti ń lò ó fún ẹni tàbí ẹṣin tó fẹsẹ̀ ta ilẹ̀ láti fò. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú dé, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ fún un. W. W. Rostow, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, tún mú un lọ́dọ̀ bàálù. Nínú The Stages of Economic Growth tó jáde ní 1960, take-off ni ìpele kẹta nínú márùn-ún tó ní orílẹ̀-èdè ń gbà dàgbà. Ó fi ti Britain sí 1783 sí 1802. Àwọn onímọ̀ bíi Simon Kuznets kò gbà pé àkọsílẹ̀ ti èyí lẹ́yìn.

Ètò inú gbólóhùn

Take off your hat dára, take your hat off náà dára. Ṣùgbọ́n bí it bá gba ipò hat, àárín nìkan ló lè wà: take it off. Ẹni tó bá kọ take off it ti ṣe àṣìṣe. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá, ẹni tó ń sọ pé wọ́n ba iṣẹ́ jẹ́, wọ́n tan ọmọ jẹ, wọ́n sín olùkọ́ jẹ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwa kò fàyè sílẹ̀ fún yíyàn: bí ẹni tàbí ohun tí ọ̀rọ̀ kàn bá ti wà, àárín ló ń wà. Ní ti bàálù àti ọjà, kò sí ohun tó ń bọ́ sáàárín: the plane took off.

Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, wọ́n á kọ ọ́ pọ̀ tàbí kí wọ́n fi àmì sáàárín, ohùn á sì tẹ take ju off lọ.

Ní Nàìjíríà, off ti dá dúró bí ọ̀rọ̀-ìṣe: off the light, off your shoes. Gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ọ nílé àti lọ́jà, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìdánwò, turn off àti take off ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ.