Láti Orí Òpó Éríà Dé Ẹnu Dekóódà: Ìtàn Owó Ìwòran Bọ́ọ̀lù ní Òkè-Ògùn

Bí ẹ bá gba àdúgbò kan kọjá ní Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí pátákó dúdú níwájú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Orúkọ ẹgbẹ́ méjì ló máa ń wà lára rẹ̀, pẹ̀lú aago tí eré yóò bẹ̀rẹ̀ àti owó ìwọlé. Nígbà tí àwa wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àádọ́ta náírà là ń mú lọ. Lónìí, ọmọ tó bá mú àádọ́ta náírà dání, ìta ni yóò ti máa gbọ́ ariwo gọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bú ẹni tó ni ilé ìwòran. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ìtàn náà lẹ́yìn, a ó rí i pé owó yẹn ti rìn jìnnà kí ó tó dé ara pátákó rẹ̀.

Etí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa kọ́kọ́ fi wo bọ́ọ̀lù. Ní àwọn ọdún 1970, rédíò ló gbé ohùn Ernest Okonkwo wọ inú ọgbà àti abúlé. Ní 1976, nígbà tí IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, owó bátìrì ni ìnáwó ẹni tó fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a.

Tẹlifíṣọ̀n náà kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó. Ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí WNTV ní Ìbàdàn. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ kó irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ di NTA. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà 1980, tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 ní Sùúrùlérè, ọmọ Shooting Stars ló gbá gọ́ọ̀lù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan. Ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n tàbí tó mọ ẹni tó ní, ó wò ó láìsan kọ́bọ̀.

Òkè-Ògùn jìnnà sí Ìbàdàn, nítorí náà òpó éríà gbọ́dọ̀ ga. Ẹnì kan á wà nídìí òpó níta, á máa yí i, àwọn ará ilé á máa pariwo pé, "Ó ti dáa! Má yí i mọ́!" Wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n síta, àdúgbò á tẹ́ ẹní. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó sanwó eré náà o. Ìjọba ló san án lórúkọ gbogbo wa.

Ọdún 1992 ni nǹkan yí padà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ibẹ̀ dá Premier League sílẹ̀, Sky àti BBC sì fi mílíọ̀nù pọ́n-ùn 304 ra ẹ̀tọ́ láti fi í hàn fún ọdún márùn-ún. Láti ìgbà náà ni àwòrán bọ́ọ̀lù ti di ọjà tí ẹni tó lówó jù ń rà, tó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ní àárín àwọn ọdún 1990, díìṣì DStv láti South Africa dé Nàìjíríà. Àwọn ọmọ wa náà ló fà wá lọ síbẹ̀: a gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Atlanta ní 1996, Kanu wọ Arsenal ní 1999, Okocha lọ sí Bolton ní 2002, Mikel dé Chelsea ní 2006. Ta ni kò fẹ́ wo ọmọ ìyá rẹ̀?

Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn àgbẹ̀, ahunṣọ-òkè àti ọlọ́kadà ló lè ra díìṣì? Ibí ni ilé ìwòran ti jáde. Ẹnì kan á ra dekóódà, á to bẹ́ǹṣì, á tan jẹnẹrétọ̀. Àádọ́ta ènìyàn á dá owó kékeré. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àjọ ni ilé ìwòran, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ní 2007, HiTV, ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gba ẹ̀tọ́ Premier League mọ́ DStv lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ rò pé bí ọlọ́jà bá di méjì, ọjà á rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì kò ta ọjà kan náà. Ẹni tó fẹ́ wo líìgì Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ra dekóódà tuntun; ẹni tó tún fẹ́ ìdíje mìíràn gbọ́dọ̀ tọ́jú ti àtijọ́. Ní 2010, ẹ̀tọ́ padà sọ́wọ́ DStv. Ní 2011, HiTV kógbá wọlé. Dekóódà rẹ̀ di àgbélẹ̀gbin.

Ìjọba gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn náà. Ní 2020, àjọ NBC tún òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ṣe pé kí ẹnì kan má dá ẹ̀tọ́ eré ìdárayá ní. Kí ó máa tà á fún àwọn yòókù. Ní 2022, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó fagi lé àtúnṣe náà.

Lẹ́yìn náà ni ti 2023 dé. Ní oṣù Èbìbí, owó ìrànwọ́ orí epo kúrò. Ní oṣù Òkúdu, náírà já lulẹ̀ sí dọ́là. Owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra ẹ̀tọ́ bọ́ọ̀lù, epo sì ni jẹnẹrétọ̀ ń mu. DStv Compact tó jẹ́ ₦12,500 ní ìparí 2023 di ₦15,700 ní oṣù Èbìbí 2024, ó sì di ₦19,000 ní oṣù Ẹrẹ́nà 2025. Premium kúrò ní ₦29,500, ó dé ₦44,500. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò sá sórí fóònù náà kò bọ́: ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, àjọ NCC gbà kí owó ìpè àti dáta fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i.

Ohun tí ìtàn yìí fi yé wa ni pé ní 1980, ẹnì kan sanwó, gbogbo ayé wò ó. Ní ayé ilé ìwòran, gbogbo wa dáwó, a jọ wò ó. Ní ayé fóònù, oníkálukú ń dá san tirẹ̀, ó sì ń dá wò ó. Owó ga ní tòótọ́, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wa náà ń lọ.

Ó kan àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá gan-an. Ẹ jókòó sí ilé ìwòran kan ní Ṣakí, kí ẹ tẹ́tí. Gẹ̀ẹ́sì ni asọ̀rọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n ń sọ, kò sì sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Yorùbá ni wọ́n fi ń bú adájọ́, òun ni wọ́n fi ń bẹ aṣọ́lé, tí wọ́n sì fi ń pa òwe mọ́ ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù. Akẹ́kọ̀ọ́ póli àti ọmọ-ọṣẹ́ mẹkáníìkì ń jiyàn lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìwé tí èkejì kà. Bí owó bá ti irú ilé bẹ́ẹ̀ pa, kò sí kíláàsì tí a fi lè dípò rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún dé iwájú pátákó dúdú yẹn, ẹ má kàn bú onílé. Òun náà ń ra epo. Ẹ wọlé, kí ẹ sì sún fún ẹni tó kù níta.